Ọ̀já Orí Mẹ́sàn-án

"Ilẹ̀kùn yàrá ìtọ́jú etí yìí yóò máa wà ní ṣíṣí ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, títí èyí tó kéré jù lọ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò fi dúró níwájú mi, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ kí mi pé ẹ káàárọ̀."

Mínísítà fún ètò ìlera ló sọ ọ̀rọ̀ yìí. Orí pèpéle ló ti sọ ọ́, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n fi aṣọ funfun bo ògiri rẹ̀, tí iná kámẹ́rà ń pọ́n wẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. N kò bù kún un, n kò sì bù kúrò níbẹ̀. Màmá, ìyá tó bí ẹ̀gbọ́n mi àti èmi, ti ṣe àmín kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu ọkùnrin náà.

Ọmọ mẹ́sàn-án ló jókòó síwájú pèpéle pẹ̀lú àwọn ìyá wọn. Adití ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà: wọ́n ti ki okùn kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju òwú ìránṣọ lọ sínú etí wọn lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti rán awọ orí padà. Ẹ̀rọ ìta ló kù. Apá kan rẹ̀ máa ń gun ẹ̀yìn etí bí pẹ́ńsù ṣe ń gun etí kápẹ́ńtà. Apá kejì rí roboto bí bọ́tìnì kóòtù, òòfà ló sì ń mú un lẹ̀ mọ́ orí. Ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ tan án fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ọlọ́pàá ni à ń pè é nílé, nítorí pé kò sí ẹni tó lè gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá kí ó má na ọwọ́ dá a dúró, kí ó yẹ àpò rẹ̀ wò fínnífínní, kí ó sì tẹ́wọ́ gba rìbá. Kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ọwọ́ ló fi ń ṣe ìjọba. Bí ó bá lu àyà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ̀ ló ń pè. Bí ó bá fa etí, Màmá ni, nítorí yẹtí ńlá tí Màmá kì í bọ́. Ó ní àmì kan fún èmi náà tí n kò ní í ṣàlàyé níbí.

Obìnrin kan ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Dókítà Etí ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń sọ fún wa pé òun kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọn ìró tí ẹ̀rọ yóò máa gbé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí aránṣọ ṣe ń wọn èjìká oníbàárà kó tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ. Ó ti kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ìró àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kéré gan-an.

"Ẹ má retí pé yóò fò sókè o," ó wí. "Bó bá kàn dá eré tó ń ṣe dúró, tó wọ̀tún wòsì, ẹ dúpẹ́. Ó ti gbọ́ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa fi kún un."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí. Obìnrin náà tẹ nǹkan kan. Ọlọ́pàá, tó ń fa okùn bàtà rẹ̀, dáwọ́ dúró. Ó gbé orí sókè, ó wo òrùlé, ó wo ìyá rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ tọ́ léjìká ṣùgbọ́n tí kò rí ẹni tó tọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lọ́wọ́ mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Ṣùgbọ́n irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í hàn nínú kámẹ́rà. Agbẹnusọ mínísítà, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí, bẹ̀rẹ̀ mọ́ Dókítà Etí.

"Ṣé kò gbọ́ ni?"

"Ó ti gbọ́, sà."

"Ẹ̀rín dà? Ẹkún dà?"

"Sà, ní ìgbà àkọ́kọ́, a kì í…"

"Mínísítà ń dúró. Tẹlifíṣọ̀n ń dúró. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ dáadáa, kí gbogbo ayé lè rí i pé ó gbọ́."

Obìnrin náà wo mínísítà. Mínísítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì mi orí sí i. Obìnrin náà kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

N kò gbọ́ irú igbe tí Ọlọ́pàá ké rí. Ó la ẹnu, ó dijú pinpin, gbogbo ara rẹ̀ sì le bíi pákó. Gbọ̀ngàn dìde. "Ó ti gbọ́! Ó ti gbọ́!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo wọn, ó sì tún ké. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún ayọ̀. Mínísítà gbé ọmọ náà lé apá, ó yí i sí kámẹ́rà. Dókítà Etí nìkan ni kò pàtẹ́wọ́; iṣẹ́ ló kún ọwọ́ rẹ̀ lójú tèmi, nítorí pé wọ́n ti ń ti ọmọ kejì sọ́dọ̀ rẹ̀. Kíá ni wọ́n ṣe àwọn mẹ́jọ yòókù. Gbogbo wọn ló ké. Ìpàtẹ́wọ́ kò sì dín kù títí dé orí ìkẹyìn.

Ohun tí wọ́n sọ fún wa nígbà tí a ń lọ sílé kò ju méjì lọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ máa lo ẹ̀rọ náà ní gbogbo ìgbà tí kò bá sùn. Ìyá gbọ́dọ̀ máa bá a sọ̀rọ̀ nítòsí, kó máa sọ ọ́ ketekete, kó má sì sinmi. Èyí tó kù, yàrá ìtọ́jú etí yóò ṣe é.

Láti ọjọ́ kejì ni ogun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi a fi ẹ̀rọ sí i létí, Ọlọ́pàá a já a sọnù. Ó jù ú sínú garawa. Ó fi pamọ́ sínú bàtà Màmá. Lọ́jọ́ kan, ó gbé e jáde síta, ó sì fi lé ajá aládùúgbò lọ́wọ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i gbà padà. A kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Màmá ní ọlọ́pàá tó bá mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n sí òun lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹ̀rín tán nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ọmọ náà bá ti rí i tí ìyá rẹ̀ ń gbé ọwọ́ bọ̀ wá síbi orí rẹ̀, yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló máa ń gbé e, ohùn rẹ̀ a sì máa dùn bí ohùn ẹni tó ń ta nǹkan.

"Wọ́n máa ń sunkún, mà. Gbogbo wọn ni. Tí ẹ bá gbà fún un lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn. Bó bá ti lajú, kí ẹ̀rọ wà létí rẹ̀."

"Yàrá ńkọ́? Ìgbà wo ni kí n gbé e wá?"

"Láìpẹ́, mà. Wọ́n máa pè yín."

Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí," ó wí fún ẹ̀gbọ́n mi, "àwọn àgbà ní ibi tí ọmọdé bá nawọ́ sí tó ń sunkún, bí ìyá rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, bàbá rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ibi tí ọmọ yìí ń nawọ́ sí, ẹ̀rọ yẹn ni."

"Màmá, ẹ̀yin náà lẹ máa ń di imú mi mú kí n lè gbé oògùn mì."

"Mo di imú ẹ mú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ tọ́ oògùn náà wò."

Kò sí ẹni tó lè bá ẹlòmíràn tọ́ irú oògùn yìí wò. Ọmọ nìkan ló mọ ohun tí ń lọ nínú orí ara rẹ̀, ọmọ náà kò sì ní ọ̀rọ̀ kan tí yóò fi sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó ní ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ohun mìíràn tó ń fẹ́ láyé. Ó fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀, kí ó tó di pé ọjọ́ orí tí ọpọlọ fi ń kó èdè jọ kọjá lọ.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: máṣíìnì méjì, tábìlì gígùn tí ó ti ń gé aṣọ, dígí kan tó ga tó ènìyàn, àti òkìtì gígé aṣọ lábẹ́ tábìlì. Ohun tí aránṣọ mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe. Ó mú aṣọ rírọ̀ kan tó máa ń fà, ó gé e ní fífẹ̀ ìka mẹ́ta, ó fi àpò kékeré méjì sí i, ọ̀kan fún apá tó ń gun etí, èkejì fún èyí tó rí roboto. Ọ̀já náà gba iwájú orí, ó bo etí méjèèjì, ó gba abẹ́ àgbọ̀n, ó sì pàdé ní ẹ̀yìn ọrùn. Ibẹ̀ ló fi bọ́tìnì sí, bọ́tìnì pẹlẹbẹ méjì tí ojú wọn há, tó jẹ́ pé àgbàlagbà pàápàá gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì kó tó lè ṣí i. Ó rọ̀, ó mọ́, kò sì ha ọmọ lára. Ọlọ́pàá gbìyànjú láti bọ́ ọ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò sì lè bọ́ ọ. Iṣẹ́ àṣepé ni.

Ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìyá yòókù lórí Wásáàpù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rán tiwọn.

"Ìyá Ọlọ́pàá, ẹ dákun, ẹ má gbàgbé tèmi o," ìyá kan tó ń yan búrẹ́dì tà ló fi ohùn ránṣẹ́ báyìí. "Inú ìyẹ̀fun ni ọmọ yìí ń ju ẹ̀rọ sí. Díẹ̀ ló kù lánàá kí n yan án mọ́ búrẹ́dì fún oníbàárà. Wọn ìbá jẹ búrẹ́dì, búrẹ́dì ìbá máa gbọ́ wọn!"

Ẹ̀gbọ́n mi rán án fún gbogbo wọn. Ó rán ti ọkùnrin ní aláwọ̀ òfuurufú, ó rán ti obìnrin ní aláwọ̀ òdòdó, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀já mẹ́sàn-án. Ó ní ohun tí ìjọba ṣe fún wa ju èyí lọ.

Ó máa ń gbé Ọlọ́pàá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì láàárọ̀, kí ó lè máa gbọ́ ìró rẹ̀, kó sì máa gbọ́ ohùn òun. Ó sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó kọrin. Ó pe orúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan sí i létí: òwú, abẹ́rẹ́, sísọ́ọ̀sì. Ní àkókò yìí ni ojú òsì ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ní ìgbà gbogbo, tí igun ẹnu rẹ̀ a sì máa fà gìrìgìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Màmá ní, "Ẹ wo ọlọ́pàá yín, ó ti ń ṣẹ́jú sí àwọn ọkùnrin àdúgbò." A rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, ẹkún dáwọ́ dúró. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá mú ọ̀já wá láàárọ̀, ọmọ náà a dijú, a sì dúró jẹ́ẹ́ títí ìyá rẹ̀ yóò fi ti bọ́tìnì tán. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò wọ abẹ́ tábìlì lọ, yóò ti orí bọ inú òkìtì gígé aṣọ, yóò sì wà níbẹ̀. Ènìyàn ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sí ẹni tó ń dá wọn dúró. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún àwọn ìyá yòókù pé kí wọ́n ní sùúrù, pé ti òun ti mọ́ ọn lára. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tó bá ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, tó sì rí i pé ó yọrí sí ìdákẹ́jẹ́, kí ló kù kó má gbéra ga?

Nígbà tí ìpè kò dé, ẹ̀gbọ́n mi ní kí a lọ bá wọn. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ yàrá náà sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tàn sí ilẹ̀ rẹ̀, àga onígi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Yàrá ìtọ́jú etí ló wà ní ìparí. Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun, wọ́n kọ orúkọ mínísítà sí i lára, wọ́n sì fi àgádágodo ti ìta rẹ̀. A jókòó. Ọlọ́pàá wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ nínú ọ̀já, ojú òsì rẹ̀ ń ṣẹ́.

Dókítà Etí ló yọ sí wa láti ìpẹ̀kun kejì, ó gbé páálí kan dání. Wọ́n ti gbé obìnrin náà lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ mìíràn. Ó wá kó ẹrù rẹ̀ ni.

"Ìyá Ọlọ́pàá! Ẹ mà kú ọjọ́ mẹ́ta o." Ó gbé páálí sílẹ̀, ó lóṣòó síwájú ọmọ náà. Ọlọ́pàá dijú. Obìnrin náà wò ó títí. "Ìgbà wo ni ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ó ti pẹ́ díẹ̀. Màmá ní ọkọ ló ń wá."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló bá yín tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe?"

"Ìwọ̀n wo?"

"Ìwọ̀n tí mo fi sí i ní gbọ̀ngàn. Ta ló dín in kù?"

"Kò sí ẹni tó dín nǹkan kan kù. Wọ́n ní ẹ ó pè wá."

"Ẹ bọ́ ọ."

"Wọ́n ní a kò gbọdọ̀…"

"Ìyá Ọlọ́pàá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bọ́ ọ nísinsìnyí."

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà. Ọwọ́ tó rán ojú bọ́tìnì yẹn kò lè ṣí i mọ́. Èmi àti Dókítà Etí la jọ ṣí i. Nígbà tí ẹ̀rọ kúrò lórí rẹ̀, ojú òsì náà dúró. Igun ẹnu náà dúró. Gbogbo wa la rí i. Ó dúró bí fáànù ṣe ń dúró bí wọ́n bá mú iná lọ: ó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rọra ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ṣẹ́ mọ́. Ọlọ́pàá lajú, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì sùn lọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ní ọ̀sán gangan.

Dókítà Etí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìró kékeré ni mo kọ́kọ́ fi sí i," ó wí. "Ẹ rí i. Ó gbọ́. Wọ́n ní kí n gbé e sókè, mo sì gbé e sókè. Mo sọ fún ara mi pé bí ayẹyẹ bá ti parí, màá pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan, màá dá a padà. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó kó àga àti gbohùngbohùn wá ti kó kọ̀ǹpútà náà mọ́ ẹrù wọn kí n tó padà débẹ̀. Inú rẹ̀ nìkan la ti lè tún un ṣe. Bọ́tìnì ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, wọ́n ti tì í pa, kí ọmọdé má baà fi ṣeré. Mo sọ fún agbẹnusọ. Ó ní òun ti gbọ́. Mo rò pé wọ́n ti pè yín, wọ́n ti tún un ṣe."

"Ẹ rò bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò gbé ohùn sókè. "Báwo ló ṣe ń rí lára rẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí."

"Mo bi yín."

"Tí ẹ bá wà nítòsí, tí ẹ ń sọ̀rọ̀, yóò dà bíi pé wọ́n fi fèrè tírélà sí i létí, tí iná mànàmáná sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kọjá. Iná yẹn ló ń mú ojú rẹ̀ ṣẹ́."

"Tí mo bá kọrin ńkọ́?"

Obìnrin náà bo ojú.

"Àwọn mẹ́jọ yòókù ńkọ́?"

"Àyè kò sí láti wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Agbẹnusọ ní èyí tó mú ti àkọ́kọ́ ké yẹn dára, kí n lò ó fún gbogbo wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀já tó wà lọ́wọ́ mi, ó wò ó bí ẹni tó rí ejò lórí ibùsùn ara rẹ̀. "Mo ti rán an fún gbogbo wọn," ó wí. "Èmi ni mo rán an fún gbogbo wọn."

A gba ilé ìwòsàn jáde, a sì lọ tààrà sí ọ́fíìsì mínísítà. Nínú gbọ̀ngàn ìgbàlejò, lórí ògiri, lẹ́yìn akọ̀wé, wọ́n gbé àwòrán Ọlọ́pàá kọ́. Ó ga jù mí lọ. Ẹnu lílà, ojú dídì, iṣan ọrùn tó yọ síta. Ọwọ́ mínísítà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ méjì sísàlẹ̀ rẹ̀: OMIJÉ AYỌ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú rẹ̀, ọmọ tó sùn wà ní èjìká rẹ̀. Ó ti rí àwòrán yìí rí. Òun náà ti fi sí ojú fóònù rẹ̀.

Agbẹnusọ fúnra rẹ̀ ló jáde sí wa, inú rẹ̀ sì dùn. "Ìyá ọmọ wa! Ṣé ẹ mọ̀ pé láti òkèèrè ni wọ́n ti ń béèrè àwòrán yìí?"

"Ìrora ni, sà."

"Kí ni?"

"Ohun tó wà nínú àwòrán yẹn. Ìrora ni. Ó sì ń bá a lọ láti ọjọ́ náà títí di òní."

Ó rọra wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Mà, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ náà nílò àtúnṣe díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìṣòro."

"Tí kì í bá ṣe ìṣòro, kọ̀ǹpútà dà?"

"Ti agbaṣẹ́ṣe ni. A yá a fún ọjọ́ kan ni."

"Yàrá ìtọ́jú ńkọ́?"

"A ti ṣí i. Mínísítà gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ níṣojú yín."

"Àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀, sà."

"Kò sí òṣìṣẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni. Ètò náà ti parí, ó sì yọrí sí rere. Ọmọ mẹ́sàn-án ni a mú wá, mẹ́sàn-án ló gbọ́. Kò sí ìjọba tó ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà kò ní í fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ kò moore, àbí?"

Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo bi í pé ta ni nínú ọ́fíìsì náà tó máa kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yìí sí orí ara rẹ̀. Ó wò mí. Ó ní àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì kì í ní sùúrù. Lẹ́yìn náà, ó ní ìpàdé ń dúró de òun.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n kúkú sọ àwòrán náà kalẹ̀. Ó ní ìyẹn ti kọjá agbára òun. Wọ́n ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tẹ kàlẹ́ńdà.

Ọ̀sán yẹn àti ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi fi lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú mi, sísọ́ọ̀sì ìgéṣọ rẹ̀ wà nínú àpò. Ó lè fi fóònù sọ ọ́. Ó ní ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun rán, òun ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara òun gé e. Bó ṣe ń wọlé ló ń kúnlẹ̀. Ìyá kan gbá a létí. Òmíràn kàn ń fi ìka tọ́ ojú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí a bọ́ ẹ̀rọ náà tán, ibi tó ń ṣẹ́ tẹ́lẹ̀ yẹn, bí ẹni tó ń wò ó bóyá iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ojú gbogbo wọn ló ń ṣẹ́. Gbogbo àwọn ìyá náà sì ni wọ́n ti sọ fún pé ó ti mọ́ ọmọ wọn lára.

Ìyá oníbúrẹ́dì la lọ bá kẹ́yìn. Ọmọkùnrin rẹ̀ dúró láàárín àwọn agbada búrẹ́dì, ó dákẹ́, ọ̀já aláwọ̀ òfuurufú náà mọ́ tónítóní. Ìyá náà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ó sì kọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé kí n ní sùúrù. Mo ní in. Ó ti dákẹ́. Ẹ wá fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ wo ojú rẹ̀."

"Ojú rẹ̀ ń ṣẹ́. Ojú ta ni kì í ṣẹ́?"

"Ẹ pè é. Ẹ pè é láti ẹ̀yìn, kí ẹ wo èjìká rẹ̀."

Ó pè é. Ó pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń pe ọmọ tí a fẹ́ fún ní nǹkan. Èjìká ọmọ náà gun òkè dé etí rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ń retí ìkejì.

Ìyá oníbúrẹ́dì kò pè é mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun. "Bí mo bá bọ́ ọ," ó wí, "kí ni yóò fi gbọ́ràn?"

Obìnrin náà gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì gé ọ̀já náà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ Ọlọ́pàá wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì ìyá rẹ̀ báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ adití ń wá kọ́ gbogbo wa ní èdè ọwọ́. Màmá ló yá jù nínú wa, èébú ló sì fẹ́ràn láti máa kọ́. Ọlọ́pàá ti padà sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń yẹ àpò wa wò, ó ń gba rìbá lọ́wọ́ mi àti lọ́wọ́ Màmá. Ó ń lu àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ó bá ń fẹ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá gbé ọwọ́ sókè láti ya irun fún un, ó máa ń dijú, a sì dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ya irun fún un mọ́. Èmi ni mo ń yà á.

Yàrá ìtọ́jú etí kò ṣí ní ọjọ́ iṣẹ́ kankan. Wọ́n ti kó àga oníke pamọ́ sínú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó tíì kí mínísítà.